Omi Ẹnu Ìyá Wẹ́dà

Èmi nìkan ni mo rí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, èmi nìkan! Gbogbo èèyàn tó wà ní Orí-Irin lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn tó wà nílẹ̀, àwọn tó rọ̀ sójú fèrèsé bí aṣọ tí wọ́n sá, títí kan àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń ṣọ́ wa, kò sí ìkankan nínú wọn tó rí i. Èmi Mùfú, ọmọ Ràbíù oníwáyà, ojú tèmi ló rí i. Ojú mi yìí kì í sì ṣe ojú yẹpẹrẹ. Mo lè dúró létí ọ̀sà kí n máa ka irun imú ẹja tó wà lódìkejì. Ìgbà kan wà tí mo rí òjò kí òun fúnra ẹ̀ tó pinnu pé òun fẹ́ rọ̀.

Orí òpó ni mo wà, òpó tí ìjọba gbé Etí kọ́ sí láàárín agbo wa. Etí yẹn ò tóbi ju àgbọn lọ, ṣùgbọ́n bí o bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé ìwẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ìwọ ni. Mo dì mọ́ òpó bí aláǹgbá, mò ń díbọ́n pé wáyà ni mò ń tún ṣe. Irọ́ ni. Ọ̀dà ló wà lápò mi. Mo fẹ́ fi dí ihò Etí náà pa pátápátá, kí wọ́n lè máa fi orúkọ mi kọrin títí ayé.

"Mùfú!"

Mo wolẹ̀. Ìyá Wẹ́dà ló dúró nísàlẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì ti ìbòjú tó fi ń jó irin sókè orí bíi gèlè.

"Kí lò ń ṣe lórí òpó yẹn?"

"Wáyà ni, mà."

"Wáyà? Ìyà ló ń bọ̀ wá jẹ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi irin sí ìwọ náà lọ́rùn bíi ti Wákílù ni? Sọ̀ kalẹ̀!"

"Ó kù díẹ̀, mà."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó rántí nǹkan, ẹ̀rín náà kú. Ó wo fèrèsé àjà kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ṣé ò ń gbọ́ Mọ́ńsù láti ibẹ̀?"

"Mò ń gbọ́ ọ, mà. Ẹ̀rọ agbẹ̀bí ní ó kù díẹ̀."

"Òun náà ti ń pariwo ‘ó kù díẹ̀’ láti àárọ̀, bí òṣèlú."

Mọ́ńsù lọmọ ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó ní láyé. Ó ti ń rọbí láti ìdájí. Ó ti lóyún lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sin ọmọ. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò jẹ́ kó wálé. Ìyá ẹ̀ pàápàá ò lè dúró tì í, nítorí ẹ̀rọ agbẹ̀bí tí ìjọba ń pín kiri kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra ni, á ní àwa òṣìṣẹ́ dọ̀tí.

Ohùn Mọ́ńsù wá rèé, ohùn ìyá ẹ̀ gan-an ni. Ohùn híhá, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ gààrí gbígbẹ tán. Bàbá Mọ́ńsù, kó tó kú, bí wọ́n bá pè é láti yàrá, á béèrè pé, "Èwo nínú yín nìyẹn?" Èmi fúnra mi, bí Mọ́ńsù bá bú mi láti ẹ̀yìnkùlé, màá ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ mi ni.

Ti Wákílù tí wọ́n fi irin sí lọ́rùn yẹn, ẹlẹ́fẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tí kò lè sín jẹ. Lọ́jọ́ kan ó sín àgbàlagbà kan jẹ níwájú Etí, ẹ̀fẹ̀ lásán ni o, a rẹ́rìn-ín títí inú ń dùn wá. Wọ́n ní olè ohùn ni. Wọ́n mú un lọ Ilé Ìdákẹ́. Ìgbà tó padà dé, irin ti wà lọ́rùn ẹ̀ tó ń ta á bí àkekèé bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Àtẹ́wọ́ ló fi ń kí èèyàn báyìí. Tiẹ̀ tiẹ̀ tún sàn. Bó bá jẹ́ obìnrin ló jí ohùn lò, wọ́n á gba ọmọ ọwọ́ ẹ̀ lọ títí láé, nítorí òfin ní ọmọ ò gbọdọ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́nu olè.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò kí n yọ ọ̀dà ni ẹnì kan pariwo láti òkè téńté:

"Wọ́n ti dé o! Ẹ bu omi!"

Ẹ ò tíì rí irú ìdààmú yẹn rí. Ife ń dún, kete ń dún, garawa ń yí gbirigbiri. Àwọn wẹ́dà tí èéfín irin ṣì ń rùn lára wọn ya bo ẹ̀rọ omi. Àwọn tó ń ru bátìrì sọ ẹrù kalẹ̀ gbì. Obìnrin kan tó ń bá ọkọ ẹ̀ jà ní, "Dúró dè mí o, tí mo bá ti tu omi yìí tán, màá parí ọ̀rọ̀ mi," ló bá bu omi sẹ́nu. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo agbo ti wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Èèrà kan ń kọjá lórí òpó, mò ń gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ìyá Wẹ́dà ló bu tiẹ̀ kẹ́yìn. Kó tó bu ú, ó gbójú sókè wò mí. "Ó ti pẹ́ jù láti sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Dì mọ́ ibẹ̀, má sì mí." Ó gbé ife sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiẹ̀ náà wú.

Ẹ ò ní mọ ìdí omi yẹn àfi bí ẹ bá yíjú sí apá ọ̀tún agbo wa. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí bọ́tù tó ti dípẹtà yọrí jáde nínú ẹ̀ bí eyín arúgbó. Agbo Ìdí-Bọ́tù ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé onírin tí wọ́n tò léra wọn bí àpótí, bíi tiwa. Àsìkò ìbò tó kọjá, Alàgbà Sáká ti Ẹgbẹ́ Ìkòkò wá bá wọn, ó bá wọn gbé ṣọ́bìrì, ó bá wọn jẹun, ó wá gbàdúrà fún wọn pé, "Ọlọ́run á gbé yín ga!" Bàbá tó jẹ́ Olóhùn wọn, ẹni tó mọ Ọlọ́run dáadáa, dáhùn pé, "Àmín!"

Iná ojú Etí kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ ewé. Wọ́n ti dìbò nìyẹn, nítorí lójú òfin, àmín Olóhùn ni ìbò agbo. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀rọ Apá Ńlá dé, ó sì gbé wọn ga lóòótọ́. Ó gbé ilé wọn látòkè délẹ̀, tòun ti ọbẹ̀ tó wà lórí iná, tòun ti ọkùnrin kan tó wà nílé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Ó di Òkè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ bí egungun, tí kò sí odò, tí kò sí iṣẹ́. Wọ́n pe ẹjọ́. Adájọ́ bi wọ́n pé, "Kí ni ìtumọ̀ àmín?" Wọ́n ní, "Kó rí bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi." Adájọ́ ní, "Ó dáa. Ẹ ní kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Kí lẹ tún wá ń bá kiri?"

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Wẹ́dà ti kọ́ wa ní omi. Òun ni Olóhùn tiwa. Ìjọba ló ní ariwo àwa òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù, pé etí ń dun Etí, kí agbo kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí ohùn ẹ̀ á dúró fún ti gbogbo èèyàn. A yan Ìyá Wẹ́dà nítorí kì í sọ̀rọ̀ jù. Lábẹ́ òfin, àmín tiẹ̀ nìkan ló lè gbé wa. Ṣùgbọ́n ó ní kí gbogbo wa máa bu omi, nítorí àmín a máa ràn ju yíyán lọ. Bí ẹnì kan bá ṣe é létí rẹ, tìrẹ ti jáde kó o tó mọ̀.

Kí ni wọ́n wá ń wá lọ́dọ̀ wa? Ilẹ̀ ni. Òkun ti gba Erékùṣù, ó ń bọ̀ wá gba ìyókù Èkó, àwa òṣìṣẹ́ Orí-Irin la jó irin mọ́ irin, tí a fi mọ Ògiri tó dá a dúró. Èmi nìkan ni mo gbé ìdajì irin yẹn. Ìgbà tí Ògiri wá ń parí lọ, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ tí à ń gbé gbẹ, atẹ́gùn ibẹ̀ tura, àwọn olówó tó ń gbé àdúgbò Àtùpà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo ẹran lórí iyán ẹlòmíì.

Olóyè Fákúnmojú ti Ẹgbẹ́ Àkàsọ̀ ló wọ agbo wa lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́lẹ̀, òjìji ẹ̀ ló máa ń rán wá, àwòrán oníná tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan náà, òjìji ẹ̀ á máa kí èèyàn ní gbogbo àdúgbò Èkó. Ìgbà kan, òjìji yẹn bá wa jẹ àgbàdo sísun, àgbàdo náà gba inú ẹ̀ kọjá bọ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àdúrà òjìji ò wúlò lójú òfin. Òṣèlú tó bá fẹ́ gba àmín gbọ́dọ̀ gbé ẹran ara ẹ̀ wá. Bí a ṣe wá rí òógùn lọ́rùn ọkùnrin náà, a mọ ohun tó bá wá.

Àkẹtẹ̀ irin àwọn wẹ́dà ló dé, lébẹ́ẹ̀lì ṣì wà lára ẹ̀. Ó gbé irinṣẹ́ iná lọ́wọ́, ibi tí iná ti ń jáde gan-an ló dì mú. Akọ̀wé Etí tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ eérú, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sunkún.

"Ẹ kú oòrùn o, ẹ̀yin èèyàn mi!" Olóyè fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo, ohùn ẹ̀ gba ara irin ilé wa, ó ń ró gbọ̀ngbọ̀n.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin tẹríba, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làálàá! Ẹ kú ìfaradà!"

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, kí wọ́n kí ọmọ Yorùbá kó má lè dáhùn? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ọ nímú. Mo rí bàbá kan tí omijé ń dà lójú ẹ̀ nítorí "ẹ kú iṣẹ́" nìkan.

Olóyè wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa, ó bú sẹ́rìn-ín. "Áà! Ẹ ti bu omi sẹ́nu! Ẹ̀yin èèyàn yìí gbọ́n o. Bí mo bá wọlé, ẹ̀yin ni màá fi ṣe mínísítà omi!"

Bàbá Kúbúrà, tí ilé ẹ̀ wà lábẹ́ tèmi, ò lè mú un mọ́ra. Ẹ̀rín bú u, omi fọ́n jáde lẹ́nu ẹ̀ àti nímú ẹ̀, ó sì dé àkẹtẹ̀ Olóyè. Ìyàwó ẹ̀ gbá a létí, ó nawọ́ ife sí i, ó bu òmíràn.

"Òṣìṣẹ́ lèmi náà," Olóyè ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. "Ẹ wo ọwọ́ mi!" Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí òpó.

Ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ó sọ̀rọ̀ bí Ẹgbẹ́ Ìkòkò ṣe fi àṣá onírin ju ìrẹsì gbígbóná lé wa lórí láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó sì bó bàbá arúgbó kan lápá. Oòrùn ń mú. Omi tó wà lẹ́nu wa ti ń gbóná. Mo rò pé a ti borí.

Akọ̀wé Etí bá tẹ ẹnu sí Olóyè létí. Olóyè gbọ́ ọ, ó ṣí àkẹtẹ̀ lórí, ó gbé e sílẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà, ó di ojú bàbá ẹni.

"Ìyá Wẹ́dà," ó ní, jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní ọmọ yín ń rọbí lókè."

Ìyá Wẹ́dà gbé ife ẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi òṣèlú sílẹ̀. Èmi náà bímọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti sin ọmọ-ọmọ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún un, kí n máa lọ. Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dijú."

Gbogbo agbo dijú. Ta ni wọ́n á gbàdúrà fún aboyún lójú ẹ̀ tí kò ní dijú? Ìyá Wẹ́dà dijú. Wákílù dijú. Olóyè àti Akọ̀wé ò dijú, àmọ́ iná Etí ni wọ́n tẹjú mọ́, bí ajá ṣe ń tẹjú mọ́ egungun. Èmi nìkan ni mo lajú sílẹ̀ tí mò ń wo èèyàn, nítorí ọmọ burúkú ni mí. Láti kékeré ni mo ti máa ń lajú bí wọ́n bá ń gbàdúrà, kí n lè mọ ẹni tó ń jí ẹran nínú àwo.

"Ọlọ́run tó mọ Orí-Irin á gbé yín ga," Olóyè sáré sọ ọ́, bí ẹni ń ki ẹ̀gún bọ inú ẹ̀bà. "Ẹ ó máa lọ sókè ni." Lẹ́yìn náà ló wá fa ohùn, ó jẹ́ kó dùn. "Mọnsúrátù, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Eléyìí ò ní lọ bí àwọn ti ìṣáájú. Ìyá ò ní tún sin ọmọ. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!"

Ẹ gbọ́ mi o. Ojú Ìyá Wẹ́dà ni mò ń wò, láti òkè tààrà. Omijé gba abẹ́ ìpéǹpéjú ẹ̀ jáde, ó ń ṣàn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Ètè ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ètè náà mú bí ẹni di ẹnu àpò. Ìyá wo ló lè gbọ́ irú àdúrà yẹn kó má ṣe àmín? Kó o má ṣe é, ó dà bí ẹni pé ìwọ lo fẹ́ kí ọmọ kú. Àmín kan ló sì ń dé gbogbo àdúrà, bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Kò sí bó o ṣe lè ní apá kan lo gbà, pé o ò gba "gbé yín ga". Obìnrin yẹn mú un mọ́ra. Mo ti rí ọkùnrin tó gbé irin tó wúwo bí erin, èmi gan-an ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó gbé nǹkan tó wúwo tó omi ẹnu yẹn.

"Àmín!"

Ohùn híhá. Ohùn gààrí gbígbẹ. Ó gba etí ọ̀tún mi kọjá, láti ojú fèrèsé àjà kejì, ó wọ inú Etí lọ tààrà. Mọ́ńsù ni. Ó gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà fún un nínú ìrora ẹ̀, ẹnu ẹ̀ dá a lóhùn. Ta ló fẹ́ fún ẹni tó ń rọbí lómi bù sẹ́nu? Mi ò rò pé òun fúnra ẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Iná Etí di àwọ̀ ewé.

Gbogbo èèyàn lajú. Ọ̀dọ̀ Ìyá Wẹ́dà ni wọ́n yíjú sí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wo òkè.

Akọ̀wé Etí wo ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀. "Ìyá, ẹ̀rọ ní ohùn yín ni. Òfin ní kí n bi yín kí n tó tì í pa. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe àmín, àbí ẹlòmíì ló jí ohùn yín lò? Tó bá jẹ́ olè ni, ẹ sọ ọ́. A ó wá a kan, ìbò náà á sì di òfo."

Mo rí i tí obìnrin yẹn wá ń rò ó. Omi ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Bó bá tu omi náà sílẹ̀ níwájú wọn, ọ̀rọ̀ ti parí: agbo á rí i pé kò sọ nǹkan kan, iná á padà di pupa, kò sẹ́ni tó máa gbé wa lọ Òkè. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní, ohùn ta wá ni? Ẹni méjì péré ló ní ohùn yẹn láyé. Wọ́n á gun òkè lọ bá Mọ́ńsù, wọ́n á sì gba ọmọ tó ń bọ̀ náà. Ó gbójú sókè wo fèrèsé. Ó wo ọrùn Wákílù, irin náà ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn. Ó wo agbo, gbogbo àwọn tó kọ́ ní omi, wọ́n ṣì gbé e sẹ́nu, wọ́n ń dúró dè é.

Lẹ́yìn náà ló wò mí. Ó mọ̀ pé mo rí i. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ báyìí, pé kí n má sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ dáhùn," Akọ̀wé ní.

Mo rí ọ̀fun ẹ̀ tó lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé e mì. Gbogbo Orí-Irin ló gbé mì yẹn.

"Èmi ni," ó ní.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu èèyàn. Kò sẹ́ni tó tu ú, ó kàn ń bọ́ ni, ó ń ṣàn sí wọn láyà. Bàbá Kúbúrà ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Sìdíkátù!" Ó pe orúkọ ẹ̀ lásán, láìfi ìyá kún un, obìnrin tó ti pè ní Ìyá láti ọjọ́ tó ti dé agbo. "Sìdíkátù! Ìwọ tó kọ́ wa!"

"Ọmọ mi ni," Ìyá Wẹ́dà ní. "Ẹ má bínú. Ọmọ mi ni."

"Ṣé àwa ò bímọ ni? Ṣé òkúta ló wà nílé wa?"

Olóyè ti dé àkẹtẹ̀ ẹ̀ padà. Ó wá fi ọwọ́ rírọ̀ yẹn gbá a léjìká. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọlọ́run á..."

"Ẹ má tún gbàdúrà mọ́, Olóyè," ó ní. "Èyí ti tó."

Ìgbà yẹn gan-an la gbọ́ igbe ọmọ láti òkè. Ọmọ tuntun, ohùn ẹ̀ há bíi ti ìyá, bíi ti ìyá ìyá. Ó ti di mẹ́ta nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀: kí gbogbo agbo hó yèè, kí wọ́n máa kí i, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú orí ire, ọwọ́ lómi tuntun. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Gbogbo ẹnu ti ṣófo, kò sí omi nínú ìkankan mọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ agbẹ̀bí nìkan ló dún láti ojú fèrèsé, pẹ̀lú ohùn irin ẹ̀: "Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín."

Apá Ńlá dé nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la. Mo lè sọ fún yín pé mo bá a jà, pé mo ṣẹ́ ìka ẹ̀ kan. Kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Mo jókòó nílé bí gbogbo èèyàn, mo di ẹsẹ̀ ibùsùn mú, ilé gbéra. Láti inú fèrèsé, mo rí Ògiri tí a mọ, ó mọ́ lójú, ó gùn lọ rẹrẹ, òkun ń lu ú kò lè wọlé. Bàbá Kúbúrà ń pariwo láti ilé ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ pé, "Sìdíkátù! Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọmọ yẹn lórúkọ, ẹ sọ ọ́ ní Àmín!"

Òkè la wà báyìí. Kò sí Etí níbí, kò sí òpó tí wọ́n á gbé e kọ́. Láti ìgbà tí a ti dé, kò sí òṣèlú kankan tó yọjú, kò tiẹ̀ rán òjìji. A lè ṣe àmín títí ọ̀fun wa á fi ya, kò sẹ́ni tó ń kà á sí ìbò. Ọmọ náà ti ń sáré kiri nínú eruku. Ìyá Wẹ́dà ti rù. Bó bá kọjá lójúde, kò sẹ́ni tó ń kí i. Bó bá kí èèyàn, wọ́n á ṣe bí ẹni pé omi ṣì wà lẹ́nu wọn. Mọ́ńsù gan-an, mo fetí mi gbọ́ ọ tó ń sọ fún un pé, "Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Kí ló dé tí ẹ ò lè pa ẹnu mọ́ díẹ̀?" Ìyá ẹ̀ ní, "Ẹnu mi ni, ọmọ mi. Má bínú."

Mi ò lè fara dà á. Mo lọ bá Bàbá Kúbúrà, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Mùfú! Ìwọ tó o ka irun imú ẹja! Ìwọ tó o gbé ìdajì Ògiri! O tún wá rí omi lẹ́nu èèyàn?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Wẹ́dà pè mí.

"Wọ́n ní o lọ sílé Bàbá Kúbúrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó gbà ọ́ gbọ́?"

"Rárá, mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ọ ní òpùrọ́. Mọ́ńsù ò gbọdọ̀ mọ̀ láé."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ Mọ́ńsù, tẹ́ ò ní débi tó ń gbé, tí ọ̀rọ̀ yìí ò lè tẹnu yín dé etí ẹ̀. Irun imú ẹja, mo bù mọ́ ọn. Òjò, mo bù mọ́ ọn. Irin erin, ìdajì Ògiri, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù sínú ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin yẹn wú. Nígbà tí àmín yẹn dún, omi wà lẹ́nu ẹ̀, kò sí ìkán kan tó jáde. Mo rí i. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí gbọ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí gbọ́!